Ológbò Tí Kì Í Dákẹ́: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Wí, Kí Ọkàn Ẹ̀ Lè Balẹ̀

Aago mẹ́rin ìdájí, ilé pa lọ́lọ́, ológbò yín dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ké míyáò, míyáò, ẹ dìde ẹ bu oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, kò jáde, ẹ padà lọ dùbúlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí, ojú tèmi náà ti rí i. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tó bá ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun, ṣùgbọ́n ti ológbò ò rí bẹ́ẹ̀ o, ó máa ń sùn tó wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, nígbà tẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́ ló ti sun tiẹ̀ tán.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ rèé: igbe yẹn, ẹ̀yin gan-an ló ń ké e sí. Àwọn ológbò tó ti dàgbà kì í sábà ké míyáò síra wọn. Ọmọ ológbò ló máa ń ké e sí ìyá ẹ̀, tí òtútù bá mú un, tébi bá ń pa á, tàbí tí kò bá rí ìyá ẹ̀ mọ́. Tó bá dàgbà, ìrù, etí, ojú àti òórùn ara ló máa fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, àfi tí ìjà bá dé tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gùn ni ẹ máa gbọ́ ariwo wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bá èèyàn gbé rí i pé àwa ò mọ ohun tí ìrù ń wí, a ò sì lè gbóòórùn bíi tiẹ̀, tó bá ti yanu ké báyìí la máa ń yíjú sí i, ló bá di igbe mú. Torí náà kì í ṣe pé ó ń yọ yín lẹ́nu ṣeré. Nǹkan ló ń béèrè, ohùn tó mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ ló sì ń lò.

Kí wá ni igbe kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí? Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wádìí ẹ̀. Lọ́dún 1944, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mildred Moelk fetí sí àwọn ológbò dáadáa, ó sì to ohùn wọn sí oríṣi 16. Lọ́dún 2003, Nicholas Nicastro ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé igbe tí wọ́n ká sílẹ̀ fún àwọn èèyàn gbọ́, pé kí wọ́n sọ bóyá ebi ló ń pa ológbò náà ni àbí inú ló ń bí i, àbí ó fẹ́ jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti mọ́ra pẹ̀lú ológbò ló gbìyànjú díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé èdè tí gbogbo ológbò ayé jọ ń sọ ò sí, ẹ̀yin àti ológbò yín lẹ jọ ń dá èdè tiyín sílẹ̀ nínú ilé. Ohun kan sha wà tẹ́ ẹ lè máa tẹ́tí sí, ìyẹn ni bí ohùn ẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Susanne Schötz ní yunifásítì Lund ní Sweden rí i pé igbe ológbò tó ń retí oúnjẹ sábà máa ń lọ sókè níparí, ti èyí tí wọ́n gbé sínú àpótí lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà sì máa ń wálẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú bíró

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, gbogbo ìgbà tó bá ti ké, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀, nínú ìwé ni o, lórí fóònù ni o: aago mélòó ni, ibo ló dúró sí, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí lẹ̀yin náà sì ṣe nígbà tó ké. Ìkẹrin yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì máa là yín lójú jù. Èmi ṣe é fún èyí tó kéré nínú àwọn ológbò mi, mo rò pé ebi ni, ìgbà tí mo ka ohun tí mo kọ, ọ̀pọ̀ ìgbà tó ké ló jẹ́ pé orí fóònù ni mo wà, nígbà tó bá sì ti ké ni mo máa ń gbójú sókè bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń wá. Èmi ló ń wá.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ náà, ẹ máa yẹ àwọn nǹkan kéékèèké wò, torí nígbà míì kò ju ìyẹn lọ: ṣé omi ẹ̀ mọ́, ṣé ilẹ̀kùn kan tó máa ń ṣí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti pa dé báyìí, ṣé abọ́ iyanrìn tó ń yàgbẹ́ sí ò ti dọ̀tí. Ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́ o, ológbò kórìíra òórùn yẹn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, tẹ́ ẹ bá sì ní ju ológbò kan lọ, kí abọ́ iyanrìn fi ẹyọ kan ju iye wọn lọ, méjì ní mẹ́ta, mẹ́ta ní mẹ́rin.

Àìsàn, kẹ́ ẹ tó rò pé ìwàkíwà ni

Ibí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí dòní. Mo ní ológbò kan, Dúdú, ó ti pé ọdún 13 nígbà yẹn. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru, igbe gígùn, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Mo ti gbọ́ níbì kan pé kéèyàn má dá ológbò tó ń ké lóhùn, pé ó máa sú u, bí mo ṣe ń fi ìrọ̀rí bo etí sùn nìyẹn fún nǹkan bí oṣù méjì. Ó ń jẹun dáadáa, kódà ó ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní ara ẹ̀ le nìyẹn. Àfi ọjọ́ tí mo gbé e tí mo rí i pé ó ti fúyẹ́, egungun ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ irun, ni ojú mi tó là. Dọ́kítà ẹranko gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó ní thyroid ni, ìyẹn ẹ̀yà kékeré kan tó wà lọ́rùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, tiẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ara ẹran yẹn ò sinmi tọ̀sán tòru, ọkàn ẹ̀ ń sáré, ebi ń pa á ṣáá, ó ń pè mí, èmi sì ń fi ìrọ̀rí bo etí. Wọ́n fún un lóògùn tó ń lò lójoojúmọ́, kò tó oṣù kan tí igbe òru yẹn fi rọlẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó má dá ológbò ẹ̀ lóhùn láì tíì mọ̀ bóyá ara ẹ̀ le. Tí ológbò tó máa ń dákẹ́ bá ṣàdédé di aláriwo, àìsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Yàtọ̀ sí thyroid, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ṣe wọ́n, ó sì lè fọ́ wọn lójú lójijì. Àrùn kíndìnrín náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà ológbò, ẹ máa rí i pé ó ń mu omi jù, ó ń tọ̀ jù. Èyí tí etí ẹ̀ ti ń di máa ń kígbe torí kò gbọ́ bí ohùn ara ẹ̀ ṣe ròkè tó. Àwọn míì, ọjọ́ ogbó ló dé sí ọpọlọ wọn, wọ́n á dúró láàárín pálọ̀ lóru bí ẹni tó ṣìnà, wọ́n á máa ké, irú wọn, iná kékeré tẹ́ ẹ bá tàn sílẹ̀ lóru máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kẹ́ ẹ má sì máa gbé abọ́ oúnjẹ àti iyanrìn wọn kiri. Tó bá ń he oúnjẹ tó ń jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo eyín ẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀. Tí akọ ológbò yín bá ń wọ abọ́ iyanrìn ń jáde, tó ń lóṣòó tó ń tiraka, tó ń ké, tí ìtọ̀ ò sì jáde tàbí tó jẹ́ ìkán díẹ̀díẹ̀, ìtọ̀ ẹ̀ ti dí nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, bó bá jẹ́ òru náà. Ọjọ́ kan sí méjì ti tó láti pa á. Àwọn kan máa ń rò pé ìgbẹ́ ló ń ṣòro yà fún un, wọ́n á ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ẹ má sì fún un ní oògùn èèyàn kára lè tù ú. Paracetamol, ìdajì hóró péré, lè pa ológbò, ara ẹ̀ ò lè fọ́ ọ kúrò bí tiwa. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá náà, tí permethrin bá wà nínú ẹ̀, májèlé ni fún ológbò. Ká tiẹ̀ sọ ti wàrà, ọ̀pọ̀ ológbò àgbà ni ikùn ẹ̀ ò gba wàrà màlúù, ẹ máa fi pa á lẹ́nu mọ́ fún wákàtí kan, inú á wá máa run ún, ó tún máa ké.

Tó bá jẹ́ pé akọ ló ń wá

Abo tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, èyí máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù torí ọmọdé ni wọ́n ṣì ń kà á sí. Igbe ẹ̀ ò jọ ti ebi rárá, ó máa ń fà á gùn bí ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún, á máa yí gbirigbiri nílẹ̀, á máa fi ara nu gbogbo nǹkan, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn á ga ìdí sókè á yí ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ìrora. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan, tí kò bá rí akọ á dáwọ́ dúró, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta á tún padà dé, bẹ́ẹ̀ lá máa lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù lásìkò tí ojúmọ́ bá gùn. Àwọn akọ tó bá gbọ́ ọ tàbí tó gbóòórùn ẹ̀ náà á máa ké lábẹ́ fèrèsé. Kò sí eré kankan tẹ́ ẹ lè bá a ṣe tó máa pa á rẹ́, iṣẹ́ abẹ ni ojútùú ẹ̀, kí wọ́n yọ ilé ẹyin ẹ̀, akọ ní tiẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ní tèmi, tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kó bímọ, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí oyún ò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ, ẹ ò sì ní tètè mọ̀.

Tí ara ẹ̀ bá le, tó kàn jẹ́ pé ó ti mọ́ ọn lára

Wàyí o, ẹ ti lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, kò sí nǹkan kan, ìwé tẹ́ ẹ kọ sì fi hàn pé oúnjẹ tàbí ẹ̀yin fúnra yín ló ń fi igbe wá. Ìlànà ẹ̀ rọrùn láti sọ, ó nira láti ṣe: ohun tó ń wá yẹn, ẹ máa fún un nígbà tó bá dákẹ́, ẹ má fún un nígbà tó ń ké. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó fi dákẹ́ yẹn, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bojú wò ó, kẹ́ ẹ pè é, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á lórí, kẹ́ ẹ gbé abọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ dúró kó tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Tó bá ń ké, ẹ má wò ó, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, àní ẹ má sọ pé dákẹ́, torí dákẹ́ náà ìdáhùn ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rèé. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, igbe yẹn máa kọ́kọ́ pọ̀ sí i ni, ọjọ́ kẹta ọjọ́ kẹrin ẹ lè rò pé ilé máa wó, ohun tó fa á ni pé ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó wá ń gbìyànjú ẹ̀ kíkan kíkan kó tó jáwọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fara dà á fún ogójì ìṣẹ́jú, tó sú yín, tẹ́ ẹ dìde bu oúnjẹ, ẹ ti kọ́ ọ pé ogójì ìṣẹ́jú ni iye tó yẹ kóun máa ké. B. F. Skinner, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó fi eku àti ẹyẹlé ṣe ìwádìí, ti fi hàn tipẹ́ pé ẹran tó ń rí èrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láì mọ ìgbà máa ń tẹra mọ́ nǹkan ju èyí tó ń rí i ní gbogbo ìgbà. Torí náà tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè fara dà á lọ́sẹ̀ yìí, bóyá ẹ ní àlejò tàbí ọmọ ọwọ́ ń sùn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ dúró dìgbà tó máa ṣeé ṣe. Gbogbo ará ilé ló sì gbọ́dọ̀ jọ ṣe é, ẹnì kan tó ń yọ́ oúnjẹ fún un ní kọ̀rọ̀ ti bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ìyẹn ìkà ni. Ẹ fún un ní tiẹ̀ kó tó béèrè. Ológbò tí gbogbo ọjọ́ ẹ̀ jẹ́ ògiri mẹ́rin àti abọ́ kan, kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe? Ọdẹ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ so ìyẹ́ tàbí aṣọ kékeré mọ́ okùn, ẹ máa fà á nílẹ̀ bí eku tó ń sá, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa jù ú sí i lójú, ẹran tó ń sá ló ń wọ̀ ọ́ lójú, kó fara pa mọ́ sẹ́yìn àga, kó dúró, kó tún sá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹ́ kó mú un. Kó mú un dájúdájú. Ẹ gbé àga tàbí pátákó sẹ́bàá fèrèsé kó máa wo ìta. Ẹ dá ihò sára páálí kékeré kan, ẹ kó oúnjẹ gbígbẹ díẹ̀ sínú ẹ̀, kó máa fọwọ́ yọ ọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, èyí máa jẹ́ kó níṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tẹ́ ẹ ò bá sí nílé. Ikùn ológbò kéré, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà bá a lára mu ju abọ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ, tẹ́ ẹ bá pín ìwọ̀n kan náà sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, igbe ebi sábà máa ń dín kù láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kún un.

Igbe ìdájí

Òru gan-an kọ́ ni ológbò máa ń jí dáadáa, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni, ìgbà tí àwọn ẹran kéékèèké máa ń jáde. Ẹ lo ohun tí ara ẹ̀ mọ̀: ọdẹ tó bá ti dẹ̀gbẹ́ tó mú ẹran á jẹ ẹ́, á nu ara, á sùn. Torí náà kẹ́ ẹ tó lọ sùn, ẹ bá a ṣeré ọdẹ yẹn títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ tó kẹ́yìn lójúmọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọlé. Tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, ẹ má bu oúnjẹ kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì, ẹ wẹ̀ ná, ẹ múra ná, kí jíjí yín má dúró fún oúnjẹ lọ́kàn ẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń da oúnjẹ sílẹ̀ ní aago tẹ́ ẹ bá yàn, tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, ó dáa gan, ológbò yín máa lọ dúró tì í, á fi yín sílẹ̀.

Ilé tuntun, ìbẹ̀rù, ẹni tó ti lọ

Ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tuntun máa ké, ẹ fi sínú yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀, iyanrìn ẹ̀, àti aṣọ kan tó ní òórùn tó mọ̀. Tí ológbò ẹgbẹ́ ẹ̀ bá kú, tàbí ẹnì kan kúrò nílé, ó lè máa lọ láti yàrá dé yàrá, kó máa pè. Ẹ má bá a wí. Ẹ má tètè fọ aṣọ ẹni yẹn, kí aago oúnjẹ má yí padà, kẹ́ ẹ máa jókòó tì í. Tí kò bá jẹun fún ju ọjọ́ kan lọ, ẹ pe dọ́kítà, pàápàá èyí tó sanra, torí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè tètè bàjẹ́.

Nígbàkigbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má dúró lé e lórí, ẹ rọra di ojú kẹ́ ẹ tún rọra là á. Wọ́n wádìí èyí ní yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020, àwọn ológbò dá a padà fún olówó wọn, wọ́n sì túbọ̀ ń sún mọ́ àjèjì tó bá ṣe é. Kẹ́ ẹ má pariwo mọ́ ọn, kẹ́ ẹ má fín omi sí i lójú, kẹ́ ẹ má tì í mọ́ inú òkùnkùn. Ó lè dákẹ́ lóòótọ́, ìbẹ̀rù ló pa á lẹ́nu mọ́, lọ́jọ́ tó bá wá ṣàìsàn gidi, kò ní pè yín.

Irú àwọn ológbò míì wà, bíi Siamese, tó jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀, ẹ fún un ní àkókò tiẹ̀ lójúmọ́ tẹ́ ẹ jọ máa tàkúrọ̀sọ, ó ń sọ, ẹ̀ ń dáhùn, inú ẹ̀ máa dùn gan.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ padà lọ bá dọ́kítà ẹranko, kẹ́ ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ kọ yẹn dání, kẹ́ ẹ sì ti fi fóònù ká fídíò igbe náà sílẹ̀ látilé. Tó bá dé orí tábìlì wọn, ó ṣeé ṣe kó lẹ̀ mọ́lẹ̀ láìfọhùn, fídíò yẹn nìkan ni dọ́kítà máa fi gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ní aago mẹ́rin ìdájí.